Kásẹ́ẹ̀tì Tó Ń Wọkọ̀ Láàárín Fógò àti Bráfà

Ẹ máa jẹun lọ, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ má tìtorí tèmi jẹ́ kí ọbẹ̀ tutù. Ẹnu mi ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe tiyín. Ẹ ò tíì pẹ́ ní Toronto, òtútù ilẹ̀ yìí kì í sì í bá ẹni tí ebi ń pa ṣeré. Ìwọ tí o wọ súẹ́tà pupa, ìwọ lo béèrè ohun tí kásẹ́ẹ̀tì ń ṣe nínú férémù lára ògiri, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé fọ́tò ìgbéyàwó kọ́ sí. Fọlá ọmọ mi ló gbé e kọ́ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wà níbi iṣẹ́ ní ọsibítù báyìí, ìyẹn ni mo fi lè sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ó wà nílé ni, ṣe la ó kàn jọ máa sunkún, Tiwa ọmọ rẹ̀ nìkan ni yóò kù tí yóò máa bu oúnjẹ fún yín.

Ọkọ̀ ojú omi ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà ooru tó kọjá, Tiwa ní kí n bá òun lọ sí àwọn erékùṣù kéékèèké tó wà lójú omi níwájú dáńtáònù. A dé ibẹ̀, ó na fóònù sí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní òun ti gba owó ọkọ̀. Wọ́n kọ àkókò tí ọkọ̀ máa gbéra sára pátákó, nígbà tí àkókò náà sì pé, ó gbéra. Kí n tó rí ibi ìjókòó tó tẹ́ mi lọ́rùn, wọ́n ní a ti dé. Mo ní, ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí? Ṣùgbọ́n kí a tó sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ náà fọn fèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì jókòó padà, mo fa ẹ̀wù mi mọ́ra. Tiwa dì mí mú. Ó ní, “Grandpa, are you cold?” nínú oòrùn tó mú bẹ́ẹ̀. Mo ní atẹ́gùn ni. Irọ́ ni mo pa. Fèrè yẹn ni. Ohùn rẹ̀ jọ ti ọkọ̀ kan tí mo dúró dè fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Ẹ̀yin ò lè mọ̀ pé mo gbé Kepu Fẹ́dè rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti Àṣàkẹ́ ìyàwó mi lò níbẹ̀. Erékùṣù ni gbogbo ìlú náà, wọ́n wà láàárín òkun níwájú Dàkáà, olú ìlú Sẹ̀nẹ̀gà. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló bì wọ́n jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, nítorí náà òkè ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Fógò ni orúkọ èyí tí a ń gbé, iná náà sì ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ lédè wọn. Iyanrìn etí òkun rẹ̀ dú bí èédú. Òkè tó wà láàárín rẹ̀ ṣì máa ń rú èéfín nígbà mìíràn, àwọn èèyàn á sì máa gbin àgbàdo àti kọfí sẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bráfà wà ní òdìkejì. Kékeré ni, kùrukùru ló máa ń bò ó, òdòdó sì pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ. Bí kùrukùru bá ká, mo máa ń rí i láti Fógò bí mo ṣe ń rí ilé gogoro dáńtáònù láti ojú fèrèsé yìí. Omi tó wà láàárín wọn ló burú.

Aṣọ àti sílípáàsì la ń tà. Manjákù ni wọ́n ń pe gbogbo àwa tí a ti ilẹ̀ Áfíríkà wá, ì báà jẹ́ Sẹ̀nẹ̀gà, ì báà jẹ́ Nàìjíríà. Nígbà mìíràn wọ́n á pè é bí ẹni ń ṣàwàdà, nígbà mìíràn kì í ṣe àwàdà. Àṣàkẹ́ kò ka ìyẹn sí. Láàárín ọdún kan ó ti gbọ́ èdè wọn, ó ti ń fi dúnàádúrà, ó ti ń fi bú mi pàápàá kí n má baà gbọ́. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Fógò, òun sì ń kó ọjà lọ sí Bráfà. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ kó tó padà. Nígbà tí a bí Fọlá, a gbìyànjú kí ọmọ máa bá ìyá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kùrukùru Bráfà kò bá a lára mu, ó ń wúkọ́ ṣáá. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta ṣe di ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ mi nìyẹn. Èmi ni mò ń dì í nírun. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ irun dì díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ yẹn ṣe rí fún yín. Kò ní àkókò, kò ní pátákó. Ọjọ́ tó bá wù ú ló ń dé. O lè di ẹrù sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, kó jẹ́ Jímọ̀ lo máa tó lọ. Àwọn ọmọdé ló ń ṣọ́ ọ lórí òkúta etí òkun. Bí wọ́n bá ti rí èéfín rẹ̀, wọ́n á máa sáré wọ ìgboro, wọ́n á máa pariwo “bápò, bápò,” ìyẹn ni ọkọ̀ ojú omi lédè wọn. Gbogbo ìlú á gbéra. Ẹni tó ń fárí á dìde pẹ̀lú ọṣẹ lórí. Ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀, àpò àgbàdo, ẹ̀rọ ìránṣọ, gbogbo wa la jọ ń wọ̀ ọ́. Mo rí ọjọ́ tí ẹlẹ́dẹ̀ kan já sínú omi, tó sì lúwẹ̀ẹ́ padà sílé ẹni tó ni ín, tí àwa tí a wà nínú ọkọ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọjọ́ tí Àṣàkẹ́ kọ́kọ́ sọdá, èmi ni mo mú un lọ. Ìgbì gbé ọkọ̀ sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo èèyàn ń bì. Àṣàkẹ́ wò yíká, kò rí abọ́, ó ṣí fìlà orí mi, ó bì sínú rẹ̀, ó sì dá a padà fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Títí ó fi kú, tí ìjà bá dé láàárín wa, ọ̀rọ̀ fìlà yẹn ni mo fi ń parí rẹ̀. Ó máa rẹ́rìn-ín ni dandan.

Ẹ wò ó, mo fẹ́ràn ayé yẹn. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni pé mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, lẹ́yìn ohun tó ṣe fún mi. Ìwọ yìí, láàárọ̀ yìí mo gbọ́ ọ tí ò ń bá ìyàwó rẹ tó wà n'Íbàdàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ò ń rí ojú rẹ̀, o tún ń ráhùn pé network ò dáa. Àwa ò ní fóònù nílé ní erékùṣù méjèèjì. Kásẹ́ẹ̀tì yìí la ní.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Èmi á tẹ rédíò kásẹ́ẹ̀tì, màá sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, màá wé kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ọ̀rá, màá fi òwú dè é, màá fún Nyó Mànúẹ̀lì tó ń tukọ̀. Òun á gbé e fún Àṣàkẹ́ ní Bráfà. Àṣàkẹ́ á gbọ́ ọ, á dá téèpù padà síbẹ̀rẹ̀, á sọ̀rọ̀ tirẹ̀ lé tèmi lórí. Ohùn tuntun á pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Bí mo bá gbọ́ tirẹ̀ tán, èmi náà á sọ tèmi lé e. Kásẹ́ẹ̀tì pọ̀ lọ́jà o, kì í ṣe pé a ò rí rà. Àṣàkẹ́ ló ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya kò gbọ́dọ̀ máa wà nílẹ̀ kiri tí ará ìta á fi máa gbọ́ ọ. Ó ní kí tuntun máa pa àtijọ́ rẹ́. Mo rò nígbà náà pé ọgbọ́n ni.

Mo lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, ẹ̀yin náà ti rí i. Mo máa ń sọ̀rọ̀ títí téèpù á fi tán. Sílípáàsì tí nọ́mbà rẹ̀ ò bára mu, eyín Fọlá tó ń hù, ọkùnrin tó wá dá bàtà padà lẹ́yìn tó ti fi jó ní àríyá, gbogbo rẹ̀ ni mo ń rò. Àṣàkẹ́ kì í sọ̀rọ̀ pẹ́. Bí ó bá sọ díẹ̀, ó parí, ó tẹ̀ ẹ́ kú. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, tèmi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á kàn yọ jáde, á máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá Fọlá, bí mo bá dákẹ́, ẹ̀yin lẹ tún ń gba ọ̀rọ̀ náà sọ.”

Ọdún ìlú Fógò wà níwájú ọdún Bráfà. Ní ti Fógò, àwọn obìnrin á kó odó jọ, wọ́n á máa gún àgbàdo, ọmọrí odó mẹ́ta nínú odó kan, orin lẹ́nu wọn, àtẹ́wọ́ lọ́wọ́ àwọn tó dúró. Ọdún àkọ́kọ́ tí a gbọ́ ọ, Àṣàkẹ́ gbé ọmọrí odó lọ́wọ́ obìnrin kan láìtọrọ, ó gún un bí a ṣe ń gún iyán nílé. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n hó yèè. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá pè é ní manjákù lójú àwọn obìnrin odó yẹn yóò gbọ́ tirẹ̀. Ní Bráfà, ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, òpó gíga ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, wọ́n á so búrẹ́dì àti èso mọ́ ọn láti òkè délẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Amẹ́ríkà á dé, gbogbo wọn á fẹ́ bàtà tuntun. Ọjà ọdún yẹn la fi ń gbọ́ bùkátà oṣù mẹ́ta.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì sí ọdún Bráfà nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá Fọlá, ara mi ò dá. Mo rò pé ibà ni. Inú ń run mí, lápá ọ̀tún. Ṣé kí n bá ọkọ̀ tó bá tún dé yìí padà, àbí kí n ta ọjà ọdún tán?”

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Ta ni nínú wa tó ń tìtorí ibà fi ọjà ọdún sílẹ̀? Nílé, ìyá mi fi ibà tajà, ó fi ibà gúnyán, kò sẹ́ni tó gbé e lọ sí ọsibítù. Mo ní kó lo egbòogi ibà tí a kó wá láti Èkó. Mo ní kó ta gbogbo rẹ̀ tán kó tó wọkọ̀. Mo tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kiri gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo ń ṣàwàdà, mo mẹ́nu ba fìlà, mo sọ ọ́ títí téèpù fi kù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ní ìparí mo ní, “Má fèsì sí èyí. Tí o bá dé, ẹnu ni ká fi sọ ọ́.” Mo wé e, mo fún Nyó Mànúẹ̀lì. Ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ padà ní ọjọ́ kejì, Àṣàkẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Inú mi dùn, ẹ gbọ́ mi. Mo ní ọjà ń tà.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kú sí èbúté Fógò. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe ń bọ̀ láti erékùṣù ńlá. Lọ́jọ́ kẹta, rédíò ọ̀gá èbúté gba ìròyìn pé obìnrin manjákù kan ń ṣàìsàn gidi ní Bráfà, wọ́n fẹ́ gbé e wá sí ọsibítù ní Fógò. Àwọn apẹja Bráfà gbé e sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lẹ́ẹ̀mejì, omi ò gbà, wọ́n ṣẹ́rí padà. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé Fọlá sọ́rùn lọ sórí òkúta. Kùrukùru ti ká, Bráfà hàn kedere, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ilé orí rẹ̀. Fọlá á máa nawọ́, á ní, “Màmi nìyẹn.” Rédíò kò gbé ìròyìn mìíràn wá, bí mo bá sì bi àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe léèrè, wọ́n á ní ó di ọ̀la.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ọkọ̀ lọ ní àárọ̀, ó padà ní ọ̀sán, ó fọn fèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nyá Bíà, ìyá onílé tí Àṣàkẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Bráfà, ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ó wọ dúdú láti òkè délẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ti sin ìyàwó mi. Ìdí ẹrù kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: ìró méjì, bàtà tí kò tíì tà, àti kásẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀rá. Nyá Bíà ní, “Ó gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín.” Mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá Àṣàkẹ́ fèsì sínú rẹ̀. Ẹnu mi, tí kì í dákẹ́, kò lè béèrè.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo sọ ọ́ sínú agolo mílíìkì, ó bá mi dé Èkó, ó bá mi dé ibí. Bí Àṣàkẹ́ bá ṣe bí mo ṣe wí, a jẹ́ pé ohùn mi ló kún inú rẹ̀, tí mò ń ní kó ta ọjà tán kó tó wá gba ìtọ́jú. Bí kò bá sì gbọ́ràn, a jẹ́ pé ohun tó sọ nígbà tó ń kú lọ ló wà níbẹ̀. Mi ò mọ èyí tó burú jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fọlá wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, tó ń sunkún pé àwọn ọmọ kíláàsì òun ní ìyá, mo gbé agolo náà lé e lọ́wọ́. Mo ní, “Ohùn ìyá rẹ wà nínú rẹ̀.” Ó gbà mí gbọ́ láti ìgbà náà. Bó bá ní ká gbọ́ ọ, màá ní téèpù ti gbó, yóò já. Bí mo ṣe fi irọ́ tọ́ ọmọ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí fèrè ọkọ̀ mú mi jókòó padà, Tiwa lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Fọlá mọ̀ pé ọkọ̀ Fógò ni fèrè yẹn rán mi létí. Ó wá rédíò kásẹ́ẹ̀tì kiri, ó sì rí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà kan ní Bramalea. Ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gbé e sórí tábìlì yìí, ó ti ra bátìrì. Ó ní, “Dádì, wọ́n ní téèpù ò gbó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ wọn.”

Mo ní kó jókòó. Mo ní ó lè jẹ́ ohùn mi ló máa gbọ́. Mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí fún un, bí ìyá rẹ̀ ṣe béèrè, bí mo ṣe dáhùn. Nọ́ọ̀sì ni Fọlá. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Apá ọ̀tún ni wọ́n ní ó ń dùn wọ́n?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Kì í ṣe ibà nìyẹn, Dádì.” Ó di etí tábìlì mú, kò wo ojú mi. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, “Tiwa, press play.”

Téèpù ń hó ṣìì. Ewúrẹ́ kan ké níbì kan. Lẹ́yìn náà Àṣàkẹ́ sọ̀rọ̀. Ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, ẹ̀yin ọmọ, ó sì ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì yìí, èémí rẹ̀ ń já. Ó ní, “Bàbá Fọlá, mo gbọ́. Ẹ má bínú, mi ò tíì tà á tán, ó ku bàtà mẹ́fà. Ọkọ̀ ò tíì dé. Fọlá ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?” Ó tẹ̀ ẹ́ kú. Ohùn ọkùnrin kan sì bẹ́ jáde, ọ̀dọ́ ni, ara rẹ̀ yá, ó ń rẹ́rìn-ín: “... gbogbo rẹ̀ tán kí o tó wọkọ̀ o, Àṣàkẹ́, ibà lásán ni...” Mò ń sọ̀rọ̀ lọ. Mò ń sọ nípa sílípáàsì. Kò sí ẹni tó rántí pa á nínú wa, Tiwa ò mọ èyí tí wọ́n fi ń pa á.

Lọ́jọ́ kejì, Tiwa gbà á sínú fóònù rẹ̀, ó sì ní òun lè gé ti Grandpa kúrò, kó ku ti Grandma nìkan. Mo ní kó má gé e. Bó ṣe rí ni kó wà.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú yẹn, Fọlá ló dìde níkẹyìn tó pa á mọ́ mi lẹ́nu. Ó dá téèpù padà síbẹ̀rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. A gbọ́ ewúrẹ́ yẹn. A gbọ́ pé ó ku bàtà mẹ́fà. Bí ìyá rẹ̀ ṣe béèrè ìbéèrè rẹ̀ tán, ó yára tẹ̀ ẹ́ kú kí n tó gba ọ̀rọ̀ náà. Ó tẹ orí ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò náà, ó sì ní, “Mo ti jẹun, mà.”